Ẹfúnyẹmí Tó Sin Ọkọ Rẹ̀ Sílé ní Ìdómògún

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ amọ̀ ni Ẹfúnyẹmí àti ọkọ rẹ̀ ń bá ara wọn fà. Ògúngbèmí, mọlémọlé Ìsàlẹ̀-Àbàtà, ń fẹsẹ̀ gún amọ̀ tí yóò fi tún ìdí ògiri yàrá wọn ṣe. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń sọ fún un pé omi ti pọ̀ jù nínú amọ̀ náà. Amọ̀kòkò ni obìnrin náà, kò sì sí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ po amọ̀ tí kì í rí nǹkan sọ sí i.

"Amọ̀ ìkòkò kọ́ nìyí, Àwẹ̀ró," ni ọkọ rẹ̀ wí láì gbé ojú sókè. "Ilé ni mò ń mọ, n kò mọ ìṣaasùn."

"Ilé tó bá wó lu ìṣaasùn, àwọn méjèèjì ló fọ́. Da yanrìn sí i."

Ó kùn díẹ̀, ó sì da yanrìn sí i. Kò tíì pò ó tán nígbà tí igbe ta láti ìhà odò. Òjò tó ti ń rọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan ti wó odi ìlú lulẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ omi, àlàfo tí ẹṣin lè gbà wọlé sì ti là sílẹ̀. Àwọn akónilẹ́rú tí gbogbo ìlú ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti pàgọ́ sí òdìkejì odò, wọ́n rí i bí odi náà ṣe wó, wọ́n sì ti ń yọ ọkọ̀ sínú omi. Wọ́n ní kí gbogbo mọlémọlé máa bọ̀. Ògúngbèmí ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó sì kọjú sí ọ̀nà. "Má jẹ́ kí ewúrẹ́ tẹ amọ̀ mi o," ló wí. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kó mọ irú ìlú tí Ìdómògún jẹ́ láyé ìgbà náà. Àdúgbò méjì ló wà níbẹ̀. Òkè-Ilé ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé, àwọn tí bàbá ńlá wọn kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀. Ìsàlẹ̀-Àbàtà ni àwọn asásàlà ń gbé, àwọn tí ogun ti jó ìlú wọn, tí wọ́n sì wá forí pamọ́ sábẹ́ Olúdó, ọba ìlú náà. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ìlú tó ń bẹ̀rù ogun kì í kọ ọwọ́ tó lè mọ odi. Àwọn asásàlà yìí ló mọ odi ìlú. Àwọn ló la ọ̀nà oko, àwọn ló kọ́ àtíbàbà ọjà, àwọn náà ló sì ń gbẹ́ ibojì fún òkú Òkè-Ilé, nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní èèwọ̀ ni kí onílẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá èèwọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ẹni tó rọ̀ lọ́rùn.

Òkú Ìsàlẹ̀-Àbàtà ńkọ́? Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń gbé e lọ, sínú igbó tí ìkookò ń jẹ̀ kiri. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé inú ilé ẹni ni a ń sin ẹni sí, pé ilẹ̀ tí òkú bàbá ẹni wà kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí àwọn àgbà Òkè-Ilé mọ̀ náà nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí wọn kò fi jẹ́ kí asásàlà kankan sin òkú sí yàrá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Wọ́n wá fi òfin kejì tì í lẹ́yìn: ẹni tí kò bá ní òkú nínú ilẹ̀ ìlú, kò ní ẹnu nínú àgbàlá ẹjọ́. Bí ará Ìsàlẹ̀ bá ní ẹjọ́, ìta àgbàlá ni yóò dúró sí, ọmọ onílẹ̀ kan yóò sì máa bá a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú. Agbẹnusọ ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n jí ewúrẹ́ ọkùnrin kan gbé nígbà kan, ó wá agbẹnusọ, wọ́n fún un ní ọ̀kan, agbẹnusọ náà sì ni ẹni tó jí ewúrẹ́. Ó sọ ẹjọ́ náà dáadáa. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo bí òfin méjèèjì ṣe so kọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ gba àṣẹ láti sin òkú rẹ̀ sílé gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ ní àgbàlá ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní àgbàlá ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti ní òkú nílé. Ìran mẹ́ta ni àwọn ènìyàn onílàákàyè fi ń yí po nínú òfin yìí bí àgùntàn tí a so mọ́ èèkàn, wọ́n sì ń pe ìyípo náà ní àṣà.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ògúngbèmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú àlàfo odi náà, wọ́n ń to amọ̀ lé amọ̀ bí ọfà ṣe ń fò kọjá lórí wọn. Ìgbà tí odi tuntun náà ga dé àyà ni ọfà kan wọ ọrùn rẹ̀. Wọ́n ní kò pariwo. Ó jókòó ti ògiri náà bí ẹni tó ń sinmi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú amọ̀, àwọn tó kù sì ń mọ ọ́n lọ lókè orí rẹ̀ nítorí kò sí àyè láti dúró. Kí oòrùn tó wọ̀, àlàfo náà ti dí. Àwọn akónilẹ́rú yí ọkọ̀ wọn padà. Ìdómògún kò bọ́ sí oko ẹrú. Orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lẹ́nu ilé ìṣọ́ ni wọ́n gbé ẹni tó gba ìlú là wá sílé, ìyàwó rẹ̀ sì gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àgbàlá tí ewúrẹ́ ti tẹ amọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè lé ewúrẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé òkú náà dé ibodè kí wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi bí òfin ti wí. Oníbodè kò ṣílẹ̀kùn.

"Àṣẹ Balógun ni," ló wí. "Ọ̀tá kò tíì kúrò létí odò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde."

"Bàbá, òkú ni mo gbé lọ́wọ́," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Bí ọ̀tá bá mú un, kí ni yóò sọ fún wọn?"

"Obìnrin yìí, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Lọ bá àwọn olóyè. Bí wọ́n bá ní kí n ṣí i, màá ṣí i."

Ó lọ sí àgbàlá ẹjọ́. Ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ọba tó máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, na ọ̀pá dí i lọ́nà. "Ta ni agbẹnusọ rẹ?"

"Gbogbo wọn wà lórí odi pẹ̀lú ọfà, tàbí lábẹ́ ibùsùn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé..."

"Èmi kì í ṣe agbẹnusọ. Ẹmẹsẹ̀ ni mí."

Ẹfúnyẹmí dúró níbẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè. Kò ju ìwọ̀n yàrá kan lọ láàárín òun àti àwọn olóyè. Ó ń wo fìlà Ọ̀dọ̀fin Ládèjọbí, olórí ìgbìmọ̀, láti ibi tó wà. Ó kígbe pé ọkọ òun ti kú, pé odi ìlú ló kú sí, pé ibodè ti tì, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e jáde tàbí kí òun sin ín sínú ilé. Ó sọ ọ́ débi pé àwọn obìnrin tó ń pọn omi lọ́nà dúró láti gbọ́. Nígbà tó dákẹ́, Ọ̀dọ̀fin yíjú sí ẹmẹsẹ̀.

"Ariwo kí ló wà níta yẹn?"

"Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀ ni, olóyè."

"Kí ló ní òun fẹ́?"

"Kò tíì sọ, olóyè. Kò ní agbẹnusọ."

Ọ̀dọ̀fin mi orí, ó sì bá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ apá ìtàn yìí lẹ́nu àwọn àgbà tí kò mọra wọn rí, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ ọ́ láì kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Ẹfúnyẹmí padà sí ibodè, wọ́n ní kó padà sí àgbàlá. Ó padà sí àgbàlá, ẹmẹsẹ̀ tún béèrè agbẹnusọ. Nígbà tí yóò fi padà délé, oòrùn ti mú gan-an, àwọn obìnrin tó jókòó ti òkú sì ti ń fi ewé lé eṣinṣin. Baálé Ìsàlẹ̀-Àbàtà, Òjẹ̀dòkun, bàbá arúgbó tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú àlàáfíà láàárín àdúgbò méjèèjì, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ní sùúrù. Bó pẹ́ bó yá, ibodè á ṣí."

"Bàbá, èmi lè ní sùúrù. Ṣé òkú náà lè ní in?"

"Kí lo fẹ́ ká ṣe? A kò lẹ́nu."

"Ṣùgbọ́n a lọ́wọ́," ni Ẹfúnyẹmí wí. Ó wọ inú yàrá, ó mú ọkọ́ ọkọ rẹ̀, ó kó ẹní kúrò nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Ẹfúnyẹmí Àwẹ̀ró, ọmọ amọ̀kòkò tó ń fi iná kọ́ amọ̀ lẹ́kọ̀ọ́! Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gbé ọkọ́ bí ẹni gbé idà. A-bófin-wí-lójú-onílé-òfin. Kò bá ọba jà, kò bá ìjòyè jà, ilẹ̀ yàrá ara rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì mi ààfin. Ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, gbogbo Ìsàlẹ̀-Àbàtà dúró sójú àgbàlá, wọ́n ń gbọ́ ìró ọkọ́. Ẹnikẹ́ni kò mira. Gbogbo wọn ló ti gbé òkú tiwọn gba ibodè jáde rí. Ihò náà dé orúnkún rẹ̀ kí Òjẹ̀dòkun tó gbọn agbádá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tó sì wọlé pẹ̀lú ìkanra.

"Gbé e wá," ló wí. "Bí o ṣe ń gbẹ́ ẹ yìí, àfi bí ẹni tó ń kọ ebè. Ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn ni?"

Wọ́n sin Ògúngbèmí sínú yàrá tó mọ, kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀tá kúrò létí odò láìpẹ́, ibodè ṣí, àwọn olóyè sì wá ráyè gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ̀fin Ládèjọbí fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìsàlẹ̀-Àbàtà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ẹmẹsẹ̀ ọba. Ó dúró níwájú ilé náà, ó kéde pé kí wọ́n hú òkú náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò wó ilé náà, wọn yóò sì lé obìnrin náà jáde kúrò nílùú. Ẹfúnyẹmí jókòó sórí ibojì náà, ó ń wò ó láti inú òkùnkùn yàrá. Ọ̀dọ̀fin wá yíjú sí àwọn agbẹ́lẹ̀ Ìsàlẹ̀.

"Ẹ mú ọkọ́ yín."

Òjẹ̀dòkun dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Olóyè, kí ẹ̀mí yín ó gùn. Ṣé ẹ rántí òfin tí bàbá yín kéde lọ́jà nígbà tí olè hú òkú ọlọ́rọ̀ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn? Pé ẹnikẹ́ni tó bá hú òkú èyíkéyìí nínú odi Ìdómògún, kí wọ́n lé e lọ títí láé? A ti ń pa òfin yín mọ́ láti ọjọ́ tí a ti dé. Ẹ má jẹ́ ká rú u lónìí."

"Òfin yẹn kì í ṣe fún irú òkú yín!"

"Ṣé bàbá yín sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà ni, olóyè? Mo wà níbẹ̀. Etí mi ṣì ń gbọ́ràn nígbà náà."

Bàbá Ọ̀dọ̀fin kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́jọ́ náà pé asásàlà lè ní òkú nínú odi. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn mọ òfin kan láì fi àlàfo sílẹ̀, wọn kò sì mọ ẹni tí yóò wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin wo àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ó wo ẹmẹsẹ̀.

"Ẹmẹsẹ̀ ni mí, olóyè," ni ìyẹn wí.

Wọ́n gòkè padà. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Ẹnì kan ní òkú tí a kò gba àṣẹ kí a tó sin kì í ṣe òkú tí a sin. Ẹlòmíràn ní kí gbogbo ìlú ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹnì kẹta dá a lábàá pé kí wọ́n wó ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n bi í léèrè ta ni yóò bá wọn wó o, àwọn mọlémọlé tó ń wólé sì rèé, Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Ó sú mi láti máa kọ gbogbo rẹ̀. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú wá fi àwọn ọlọ́gbọ́n rẹ̀ jókòó, wọ́n ń wá ọ̀nà tí òkú ẹni tó gbà wọ́n là kò fi ní jẹ́ òkú.

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn náà lọ́wọ́ ni ìyá Ọ̀dọ̀fin kú. Arúgbó tó ti gbó tó ti tọ́ ni, ikú rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó ya àwọn ará Òkè-Ilé lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn agbẹ́lẹ̀, wọn kò rí ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó kéde pé kí wọ́n má lọ. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọ̀kan ti lọ sóko, ọ̀kan kàn jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń wo ìránṣẹ́ náà lójú. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, òkú ìyá olóyè ṣì wà lórí ẹní. Nígbà náà ni Ọ̀dọ̀fin sọ̀ kalẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì, òun nìkan, láì dé fìlà. Ó dúró lẹ́nu ìloro ilé Ẹfúnyẹmí.

"Ẹ wọlé, olóyè," ni obìnrin náà wí. "Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í dúró síta sọ̀rọ̀."

Ó wọlé. Ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ dán, ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kàn án.

"Ìyá mi kú."

"A gbọ́, olóyè. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ilẹ̀ á dẹ̀ fún wọn."

"Àná ni. Ooru mú."

"Mo mọ bó ṣe ń rí."

Ọ̀dọ̀fin gbé ojú sókè. "Sọ ohun tó o fẹ́, kí n mọ̀."

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi níbí," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Bí mo bá dúró kí n gba nǹkan lọ́wọ́ yín kí n tó jẹ́ kí ẹ sin ìyá yín, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ẹ̀yin? Màmá kò ṣẹ̀ mí. Ẹ dìde ká lọ."

Ó mú ọkọ́ méjì. Ó pe Òjẹ̀dòkun, ó sì pe àwọn agbẹ́lẹ̀. Àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn dìde, àwọn tó lọ sóko jáde láti inú yàrá. Nígbà tí wọ́n dé yàrá arúgbó náà ní Òkè-Ilé, Ẹfúnyẹmí na ọkọ́ kan sí Ọ̀dọ̀fin.

"Èèwọ̀ wa ni," ni ọkùnrin náà wí.

"Olóyè, ìyá yín rèé nílẹ̀. Ta ni èèwọ̀ náà wà fún?"

Gbogbo ẹbí dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀dọ̀fin Ládèjọbí gba ọkọ́, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fi kan ilẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n gbẹ́. Amọ̀ ń fò sí i lójú, Òjẹ̀dòkun sì ń pàṣẹ fún un láti ẹ̀gbẹ́ ihò bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: "Ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, olóyè, ẹ tẹ̀ ẹ́! Kì í ṣe ìrùkẹ̀rẹ̀ lẹ mú lọ́wọ́." Kò sí ẹni tó kú nítorí rẹ̀. Òrùlé kò já lulẹ̀.

Wọ́n sin arúgbó náà tán. Ẹfúnyẹmí kò lọ sílé. Ọjọ́ ẹjọ́ ni, ìgbìmọ̀ sì ń dúró de Ọ̀dọ̀fin. Ó tẹ̀lé e lẹ́yìn tòun ti ọkọ́ àti amọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹmẹsẹ̀ na ọ̀pá, ó tẹ̀ba kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró láàárín àgbàlá tí ará Ìsàlẹ̀ kankan kò tẹ̀ rí àfi láti gbá a. Ariwo sọ. Àwọn olóyè ní kí wọ́n wọ́ ọ jáde. Ojú gbogbo ènìyàn yí sí Ọ̀dọ̀fin tó ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí, nítorí ọwọ́ náà ti bó.

"Ó ní òkú nílẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Olúdó tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́ rẹ̀. "Ta ló fún un láṣẹ láti sin ín?"

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó kí ọba tán, ó dìde. "Kábíyèsí, ẹ béèrè ẹni tó fún mi láṣẹ. Èmi náà wá a kiri. Mo dé ibodè, wọ́n ní ibí ni kí n wá. Mo dé ibí, wọ́n ní n kò lẹ́nu. Mo béèrè ohun tí àwọn ènìyàn fi ń lẹ́nu, wọ́n ní òkú inú ilẹ̀ ni. Mo ní òkú rèé, wọ́n ní ẹni tí kò lẹ́nu kò gbọdọ̀ sin ín. Kábíyèsí, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá, ṣé ó yẹ kó máa bi ẹni tó wà níta léèrè ìdí tó fi já ilẹ̀kùn? N kò tíì lẹ́nu ìgbà tí mo fi sin ọkọ mi. Sísin tí mo sin ín ni mo fi lẹ́nu tí mo fi ń dá yín lóhùn lónìí.

"Odi tó yí ìlú yìí ká, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wà nínú amọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ hú u. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wó odi náà, kí ẹ ṣa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, kí ẹ kó o fún mi. N kò wá tọrọ àánú. Ọ̀rọ̀ òfin ni mo bá wá. Ṣé ọ̀kan ni, àbí méjì? Bó bá jẹ́ ọ̀kan, kó mú mi, kó sì mú yín. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ kéde èkejì lọ́jà, kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa mọ̀ kí ogun tó tún dé, kí wọ́n mọ bóyá odi ni wọn yóò dúró tì àbí ibodè."

Olóyè kan wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà wúwo, pé ó yẹ kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò ní ìjókòó mìíràn.

"Ìjókòó wo?" ni Ọ̀dọ̀fin wí tìbínú-tìbínú. "Ọ̀rọ̀ tí a ti fi gbogbo àsìkò òjò sọ! Ọwọ́ mi bó, ìyá mi kú, ebi ń pa mí. Obìnrin náà sọ òótọ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé òótọ́ ni láti ìgbà tó ti ń kígbe rẹ̀ níta. Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ ká lọ sílé."

Báyìí ni Olúdó ṣe pàṣẹ, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́jà: ẹnikẹ́ni tó bá kọ́lé sínú odi Ìdómògún, tirẹ̀ ni ilẹ̀ abẹ́ ilé náà, yóò sì sin òkú rẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́, inú àgbàlá ni yóò dúró sí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò sì fi sọ ọ́.

Mo fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Òfin tí a kéde lọ́jọ́ kan, ìgbà pípẹ́ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n lò ó. Àwọn olóyè a máa gbọ́ ẹjọ́ ará Ìsàlẹ̀ nígbà tí òùngbẹ bá ti gbẹ gbogbo ènìyàn, tàbí kí wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohun tó wí dáadáa. Nítorí náà ni Ẹfúnyẹmí ṣe ń lọ sí àgbàlá náà ní gbogbo ọjọ́ ẹjọ́ títí ó fi darúgbó. Yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ, yóò jókòó sójú ọ̀nà, bí wọ́n bá sì ti dá ẹnì kan dúró síta, yóò ké pe ẹmẹsẹ̀ pé, "Jẹ́ ó wọlé, jàre, òfin ti dàgbà jù ọ́ lọ." Ìkòkò ọjà rẹ̀ a máa dúró dè é nílé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Kò gba oyè tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó ní ẹni tó bá joyè á jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń dá àwọn ènìyàn dúró.

Àwọn tó ń sọ ìtàn ìlú wa lórí àga ńlá níbi àjọ̀dún máa ń sọ pé ọba ló fi inú rere fún àwọn asásàlà ní òfin yìí. Ọba kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Títí di òní, ní Ìdómògún, a kì í háyà ẹnikẹ́ni kó wá ṣí ilẹ̀ fún òkú. Ẹni tó sún mọ́ òkú náà jù lọ, ì báà jẹ́ ìjòyè, ni yóò kọ́kọ́ fi ọkọ́ kàn án, kí ará àdúgbò kejì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ fún ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá, nínú yàrá tí a jọ gbé. N kò mọ̀ ọ́n gbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì bi mí pé ilẹ̀ ta ni.

Ilé Ògúngbèmí ti wó. Òrùlé rẹ̀ ti lọ, ògiri rẹ̀ ti di òkìtì tí koríko bò. Ibojì méjì ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ àti ti Ẹfúnyẹmí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹnikẹ́ni kò hú wọn.